Ẹ̀rọ ìpọntí oníná tí mo fi àlòkù ṣe: RCD ń gé iná tí omi bá ti gbóná

KóIrinJọ
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti ń kó àlòkù jọ, kí n lè fi ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa pọn bíà 20 lítà lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì máa ṣọ́ ìgbóná omi fúnra rẹ̀. Gáàsì ni mo fi ń pọn tẹ́lẹ̀. Ó ti sú mi kí n máa jókòó ti ìkòkò, kí n máa yí iná sókè sódò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyí: ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, ó gba 50 lítà. Irin hítà 3,000 wáàtì tí mo tú lára ẹ̀rọ amómigbóná kan tí agbè rẹ̀ ti jò. Pọ́ǹpù tí ẹ̀rọ ìfọṣọ fi ń da omi ìdọ̀tí nù. Àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, òun ni mo fi ń gba 12 V àti 5 V. Arduino Uno kan, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣe ohun tí a bá kọ sí i. SSR 40 A tó ń tan irin hítà tó sì ń pa á, àti sẹ́ńsọ̀ DS18B20 kan tó ń ka ìgbóná. SSR àti sẹ́ńsọ̀ nìkan ni mo rà ní tuntun.

Lánàá mo da omi lásán 30 lítà sí i, mo ní kó dúró ní 66°C. Nǹkan mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Nígbà tí omi tutù, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere, àmọ́ tó bá ti sún mọ́ 60°C, pàá! RCD, súwíìsì ààbò tó ń ṣọ́ bí iná bá ń jò, á gé iná gbogbo ilé. Tí mo bá jẹ́ kó tutù kí n tó tún tan án, á ṣiṣẹ́ títí á fi gbóná padà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọjá ibẹ̀, kò sì dúró ní 66, ó gun 71 lọ kó tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kẹta, omi tí pọ́ǹpù ń gbé jáde ń rùn bí ọṣẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ RCD yẹn kúrò, ó ní ara rẹ̀ ló ń ta jù. Kí lẹ rí sí i?

AjíṣeBíIná
Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ẹ ò ní láti yọ RCD. Wáyà áàtì tó so mọ́ ara ìkòkò ni mo tú, látìgbà náà kò gé iná mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti pọn ọtí nínú rẹ̀, kò sí wàhálà kankan.

RéwáyàÀgbà
AjíṣeBíIná, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ lọ yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ yẹn lára ògiri kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi tán.

Iṣẹ́ tí RCD ń ṣe kò ju kó máa ka iná tó jáde lọ àti iná tó padà wálé. Tí iye tó padà bá fi nǹkan bí 30 mA dín sí iye tó lọ, ó ti mọ̀ pé iná ń gba ibòmíràn lọ, ló bá gé e. Nínú ẹ̀rọ yín, ibòmíràn yẹn ni ara ìkòkò, wáyà áàtì ló sì ń gbé iná náà lọ sínú ilẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ẹ tú wáyà yẹn, ẹ ò dí ibi tí iná ti ń jò. Ọ̀nà tó ń gbà lọ lẹ dí. Ó ti wá jókòó sára ìkòkò báyìí, ó ń dúró de ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ tó tutù, bí gbogbo ẹni tó ń pọn ọtí ṣe máa ń wà. Ara yín ló kù tí yóò di wáyà áàtì.

KóIrinJọ, ara RCD yín kò ta jù. Ohun tó rí ló sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irin hítà. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níta. Wáyà tí wọ́n lọ́ bíi sípíríǹgì ló wà láàárín, òun gan-an ló ń gbóná. Ẹ̀lú funfun kan, magnesium oxide, ni wọ́n kì sáàárín méjèèjì, kí ooru lè kọjá kí iná má sì kọjá. Ẹ̀lú yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Irin hítà tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ohun tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ ti sán, yóò ti mu omi yó. Bó bá sì ti ń gbóná ni agbára ẹ̀lú náà láti dá iná dúró ń dín kù.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò nìyí. Ẹ tú gbogbo wáyà kúrò lára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà lásán wọn orí méjèèjì síra wọn: tó bá jẹ́ 3,000 wáàtì lórí 240 V, ẹ ó rí nǹkan bí 19 ohm. Ìyẹn ń sọ pé wáyà inú kò já, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn láti orí kan sí ara páìpù ìta. Mítà lásán kò dára tó fún eléyìí, nítorí bátìrì kékeré inú rẹ̀ kò lè ti iná kọjá níbi tí 240 V lè kọjá. Ẹ wá ẹni tó ní mítà tó ń fi 500 V dán ìdènà wò. Tó bá lọ sílẹ̀ ju 1 MΩ (mílíọ̀nù ohm kan), ẹ má ṣe fi iná sí i. Ẹ lè gbé e sínú ààrò oníná ní nǹkan bí 120°C fún wákàtí mélòó kan kí omi inú rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì dí ẹnu rẹ̀ padà.

Ẹlẹ́rọKékeré
Ọ̀rọ̀ 66 tó di 71 ni n óò sọ̀rọ̀ lé. Ó dá mi lójú pé kóòdù yín ń sọ pé: tí omi kò bá tíì tó 66, tan án, tó bá ti tó, pa á. Àbí? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ bá pa á, irin hítà fúnra rẹ̀ ṣì gbóná ju omi lọ fíìfíì, yóò sì máa tú ooru yẹn sínú omi nìṣó. Sẹ́ńsọ̀ náà ń pẹ́ kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá tó bá jìnnà sí irin.

Ohun tí ẹ nílò ni kí iná máa dín kù bó ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀. Mo pín àkókò sí ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì. Tí PID, ìyẹn ìṣirò inú kóòdù tó ń pinnu bí iná ṣe máa pọ̀ tó, bá ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, irin hítà á wà ní títàn fún ìdá 30 nínú ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn, á sì wà ní pípa fún ìyókù. SSR lè ṣe èyí ní àìmọye ìgbà láìṣá, nítorí kò ní irin tó ń lù síra wọn nínú. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú rílé alápá o, yóò jó láìpẹ́.

Ohun kan tún wà: DS18B20 ń gba tó 750 mílísẹ́kọ́ńdì kó tó fúnni ní ìdáhùn tó péye jù lọ. Tí kóòdù yín bá dúró dè é, gbogbo nǹkan yòókù náà ń dúró. Ẹ pàṣẹ fún un kó wọ̀n, kí ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn, kí ẹ padà wá gba èsì.

Onísùúrù
Ẹ dákun, ṣé ẹ nílò 3,000 wáàtì ni? 1,500 wáàtì ni mò ń lò, ó sì ń hó. Tí ẹ bá lo èyí tó kéré, wáyà kò ní gbóná, ìgbóná omi kò sì ní máa kọjá ibi tí ẹ fẹ́.

Ẹlẹ́rọKékeré
Ẹ̀gbọ́n Onísùúrù, lítà mélòó lẹ ń sè? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Omi 30 lítà láti 25°C dé 67°C jẹ́ ìgbésókè 42. Lítà omi kan ń fẹ́ nǹkan bí 4.19 kJ kó tó fi 1°C gbóná sí i. 30 × 42 × 4.19 jẹ́ nǹkan bí 5,280 kJ. Irin 3,000 wáàtì yóò ṣe é ní bí ìṣẹ́jú 29, irin 1,500 yóò gbà tó wákàtí kan, láì tíì ka ooru tó ń sá lọ lára ìkòkò.

Ibi híhó gan-an ló ti le jù. Kí lítà omi kan tó di ooru, ó ń fẹ́ nǹkan bí 2,257 kJ. Tí ẹ bá fẹ́ kí lítà mẹ́ta fẹ́ lọ ní wákàtí kan, ó ń lọ sí bí 1,900 wáàtì fún ìyẹn nìkan. 1,500 kò lè ṣe é.

Onísùúrù
Lítà mẹ́wàá ni mò ń sè. Òtítọ́ lẹ sọ, mi ò rántí pé tiyín jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta.

Màmá Ìwúkàrà
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fi iná mànàmáná pọn ọtí. Mo ti fi àlòkù ṣe mẹ́ta, mo sì ti tú méjì nínú wọn ká.

RéwáyàÀgbà, gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo fara mọ́, àfi ti ààrò. KóIrinJọ, má tíì gbé irin yẹn sínú ààrò. Wo ara rẹ̀ ná. Ṣé èèpá funfun wà lára rẹ̀, èyí tó le bí òkúta? Ẹ̀rọ amómigbóná tó ti pẹ́ kò ní ṣe kó máà ní in. Fi ásíìdì ọsàn tàbí ọtí kíkan rẹ ẹ́ mọ́jú, kí o sì rí i pé orí tí a ń so wáyà mọ́ kò kan omi. Nígbà tí èèpá bá ti bọ́ tán, fi omi fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí o sì fi ojú tọ gbogbo ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá ibi tó ti tẹ̀. Mo rí ọ̀kan rí tó ní ojú ihò tí kò ju ti abẹ́rẹ́ lọ lábẹ́ èèpá. Nígbà tó tutù, ihò yẹn pa. Nígbà tó gbóná tí irin fẹ̀, ihò là, omi wọlé, RCD gé iná. Ohun tó ń ṣe tìrẹ gan-an nìyẹn. Ààrò kò lè wo irú èyí sàn: yóò gbẹ, mítà yóò sọ pé ó dára, lọ́jọ́ kejì ó ti tún mu omi.

Nípa pọ́ǹpù: rárá. Òórùn ọṣẹ tó o gbọ́ yẹn kò ní kúrò láéláé. Ó ti wọnú rọ́bà, ọṣẹ sì máa ń pa fóòmù bíà. Rọ́bà àti pásítíìkì tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún ohun jíjẹ, àti pé omi málítì (omi ọkà tí yóò di bíà) tí ń fẹ́rẹ̀ẹ́ hó yóò máa fa ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀ jáde.

OjúLalákàn
Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà àlòkù díẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mò ń tún ṣe jẹun. Pọ́ǹpù ìdamínù kò dára fún ọtí lóòótọ́, ìdí mìíràn sì tún wà: wọn kò ṣe é láti máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kó sinmi. Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ apá ibi tí wọ́n ń yí sí. Nígbà tí iná bá dé, bó bá ṣe wù ú ló ń yí, sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ẹ̀rọ ìfọwo ńkọ́? Ìyẹn ń ti omi gbígbóná yípo fún ìgbà pípẹ́, inú ohun èlò oúnjẹ ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ: súwíìsì tó ń mọ bí omi ṣe pọ̀ tó. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń jáde lára rẹ̀. Tí omi bá gòkè, ó ń ti afẹ́fẹ́ inú rọ́bà náà, súwíìsì á sì yí, ẹ ó gbọ́ “tàk” kékeré kan. Ẹ so páìpù irin tí kì í dípẹtà mọ́ ẹnu rọ́bà yẹn, kí ẹ sọ páìpù náà kalẹ̀ sínú ìkòkò, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé bí omi kò bá tíì bo irin hítà dáadáa, iná kò ní tàn. Irin hítà tó bá tàn láìsí omi lórí rẹ̀ kì í pẹ́ jó.

Ẹ má sì gbàgbé tẹmosítáàtì tó wà lára ẹ̀rọ amómigbóná àtijọ́ yẹn. Ó ní ibi tó ń gé iná pátápátá tí omi bá gbóná jù. Ẹ fi sí i, ọ̀fẹ́ ni.

Màmá Ìwúkàrà
Súwíìsì afẹ́fẹ́ yẹn, o ṣeun gan-an, èmi pàápàá yóò lò ó. Kí páìpù náà ṣe é yọ fọ̀ ni o, tí hóró málítì bá dí i, irọ́ ni yóò máa pa.

Tẹmosítáàtì kò ṣeé lò, ọmọ mi. Wọ́n ṣe é kó gé iná kí omi tó hó, nítorí omi kò gbọ́dọ̀ hó nínú agbè tí a dé pa. Àwa ń fẹ́ kó hó fún wákàtí kan gbáko. Yóò gé iná ní gbogbo ìgbà tí a bá dé ibẹ̀.

Pọ́ǹpù ẹ̀rọ ìfọwo: mo ti gbìyànjú rẹ̀. Èdìdì tó wà láàárín omi àti mọ́tò rẹ̀ ni ọ̀rá àti ọṣẹ ń sá pa mọ́ sí. Mo sè é, mo rẹ ẹ́, bíà mẹ́ta ló kú láìní fóòmù kí n tó gbà. Ohun tó bá máa kan ọtí, ra èyí tí wọ́n ṣe fún un: pọ́ǹpù tí mágínẹ́ẹ̀tì ń yí, tí orí rẹ̀ ṣe é tú fọ̀. Gbé e sísàlẹ̀ ju ìkòkò lọ, nítorí kò lè fa omi fúnra rẹ̀. KóIrinJọ, má sọ pọ́ǹpù ìfọṣọ rẹ nù. Fi sínú garawa omi yìnyín, kó máa ti omi tútù gba inú kóìlì bàbà tó o fi ń mú omi málítì tutù. Ìyẹn kò gbà ju bí ìṣẹ́jú ogún lọ, omi rẹ̀ kò sì kan ọtí. Jẹ́ kó sinmi láàárín.

OjúLalákàn
Mo gbà, Màmá. Ti èdìdì yẹn kò wá sí mi lọ́kàn.

Àbíkẹ́_Alágbàrà
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi páìpù bàbà ẹ̀yìn fíríìjì àtijọ́ ṣe kóìlì ìmútutù yẹn? Mo ní ọ̀kan nílẹ̀.

RéwáyàÀgbà
Ẹ má gé e. Gáàsì wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí ẹ tú sínú afẹ́fẹ́, òróró kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sì ti fi ara mọ́ inú páìpù náà. Bí fíríìjì náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, òun gan-an ni kí ẹ lò fún ibi tí ọtí yóò ti máa wú: ẹ fi ẹ̀rọ ìṣọ́gbóná sí i níta, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó tan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á.

Mo fẹ́ padà sí SSR. KóIrinJọ, kí lẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀? 3,000 wáàtì lórí 240 V ń fa 12.5 A. SSR máa ń sọ tó wáàtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ di ooru lórí ámpì kọ̀ọ̀kan, ẹ ka 15 wáàtì. Tó bá kàn dá wà nínú pósítíkì láìní irin tí yóò bá a tú ooru, yóò jó. Irin onípele tó wà lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ẹ tú yẹn, pẹ̀lú fáànù 12 V rẹ̀, ló dára jù fún un. Ẹ fi ọ̀rá ìgbóná sáàárín wọn. Ẹ má gbàgbé láti so wáyà áàtì mọ́ irin náà.

Ohun tó burú jù lára SSR ni bó ṣe ń kú. Nígbà tó bá kú, ó sábà máa ń kú ní títàn. Arduino yóò ní kó pa, kò ní pa. Ẹ̀yin lè ti lọ sùn. Nítorí náà, ẹ fi kọ́ńtátọ̀ síwájú rẹ̀, ìyẹn súwíìsì ńlá tí iná ń tì, èyí tí yóò gé wáyà méjèèjì, kí ẹ sì so ó mọ́ súwíìsì pupa ńlá kan tí ọwọ́ yín lè tètè tó. Súwíìsì afẹ́fẹ́ OjúLalákàn ni kó máa tan kọ́ńtátọ̀ yìí. Bí omi bá tán, kọ́ńtátọ̀ á já sílẹ̀, ohunkóhun tó wù kí Arduino máa rò.

Ẹlẹ́rọKékeré
Mo fẹ́ fi kún un: mo fi ìlà mélòó kan sínú kóòdù tèmi pé bí Arduino bá ní kí irin hítà kú, tí omi sì ṣì ń gbóná sí i fún ìṣẹ́jú méjì, kó já kọ́ńtátọ̀, kó sì máa ké. Ó ti gbà mí lẹ́ẹ̀kan.

RéwáyàÀgbà
Ó dára, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ òun nìkan ni ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Kóòdù lè dì.

AjíṣeBíIná
Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ RéwáyàÀgbà lọ́jọ́ yẹn, ara mi kò balẹ̀. Mo so wáyà áàtì padà, kíá ni RCD gé iná. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura pé tí mo bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìkòkò yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan ń rìn lára mi, ó dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú. Mo rò pé ooru ni. Ìyàwó mi ló máa ń bá mi ro málítì. Mo ti yọ irin hítà náà kúrò, mítà 500 V ka 0.04 MΩ. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa títú wáyà áàtì fún ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ bá mi pa ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ rẹ́ kí ẹlòmíràn má bàa tẹ̀ lé e.

RéwáyàÀgbà
Ẹ fi sílẹ̀. Kí wọ́n kà á pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀. Ẹ kí ìyàwó yín.

KóIrinJọ
Mo ti padà dé. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.

Mo rẹ irin hítà sínú ásíìdì ọsàn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èèpá tó bọ́ sílẹ̀ kún àtẹ́lẹwọ́ méjì. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo ń fi èékánná tọ ara rẹ̀ lọ. Ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí orí rẹ̀, ní ìdí ibi tó ti tẹ̀, èékánná mi kọ́ nǹkan. Ìlà kan ni, kò ju irun orí lọ, àwọ̀ ìpẹtà sì yí i ká. Nígbà tí mo fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ, ẹ̀lú funfun díẹ̀ jáde. Màmá, ibi tí ẹ sọ náà gan-an ni.

Mo ní irin 2,000 wáàtì kan tí mo yọ lára ẹ̀rọ ìfọṣọ, ara rẹ̀ mọ́. Ṣé mo lè lò ó?

Màmá Ìwúkàrà
Tó bá yege níwájú mítà 500 V, yóò hó fún ọ, ṣùgbọ́n ní agbára káká. 2,000 wáàtì kò lè gbé ju lítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ ní wákàtí kan, ooru tó ń sá lọ lára ìkòkò yóò sì tún mú nínú ìyẹn. Wàá ní láti fi nǹkan tó nípọn wé ìkòkò.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni pé irin ìfọṣọ kúrú. Gbogbo wáàtì yẹn kó jọ sórí ibi kékeré, ibẹ̀ ni ṣúgà inú málítì yóò ti jó mọ́ ọn lára, bíà rẹ yóò sì máa ta èéfín lẹ́nu. Èyí tó gùn, tí wọ́n ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná ní ojú kan, ni kó o rà. Irin hítà àti pọ́ǹpù, ra méjèèjì ní tuntun. Gbogbo ìyókù tó o kó jọ dára.

Fáàfù rẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ idẹ ni, òjé díẹ̀ máa ń wà lójú rẹ̀. Da ọtí kíkan ìwọ̀n méjì mọ́ hydrogen peroxide ìwọ̀n kan, rẹ ẹ́ sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí yóò fi dán bíi wúrà, kí o fọ̀ ọ́ dáadáa. Tí omi náà bá di àwọ̀ ewé, o ti pẹ́ jù. Ohunkóhun tí wọ́n fi síǹkì bò, má jẹ́ kó súnmọ́ ọtí rẹ, nítorí omi málítì kan díẹ̀, yóò jẹ ẹ́.

Onísùúrù
Ìkòkò 50 lítà yẹn, ṣé kẹ́ẹ̀gì ni? Mo béèrè nítorí pé ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó pọn ọtí inú rẹ̀, kódà nígbà tí a bá rí i lórí ààtàn. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gé ọ̀kan, kó tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán kó tó gbé ẹ̀rọ ìgérin sí i.

KóIrinJọ
Rárá o, ìkòkò ilé ìdáná ńlá kan tí wọ́n tì pa ni, wọ́n fún mi ní ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn fún yín. Mo ra irin hítà tuntun, 3,000 wáàtì, èyí tó gùn. Mo ra pọ́ǹpù. Súwíìsì afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, kọ́ńtátọ̀ wà níbẹ̀, súwíìsì pupa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ti sẹ́ńsọ̀ bọ inú páìpù kékeré tí a dí nídìí, níbi tí omi ti ń jáde láti ìkòkò lọ sí pọ́ǹpù. Mo dán sẹ́ńsọ̀ wò nínú omi yìnyín tó ń yọ́, ó ka 0.4°C, mo sì yọ ìyẹn kúrò nínú kóòdù.

Lánàá mo rẹ málítì fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní kó dúró ní 66. Fún wákàtí kan gbáko, kò sọ̀ kalẹ̀ ju 65.6 lọ, kò sì gòkè ju 66.5. RCD kò gé iná lẹ́ẹ̀kan. Mo jókòó, mo ń wo nọ́ńbà yẹn lásán, mi ò mọ ohun tí n óò fi ọwọ́ mi ṣe.

Nǹkan kan ló kù. Nígbà tó fẹ́ hó, fóòmù ru sókè lójijì, ó sì dà lé ilẹ̀. PID ń fi gbogbo agbára lọ nítorí mo ní kó dé 100.

Màmá Ìwúkàrà
Kú oríire, ọmọ mi!

PID kò ní iṣẹ́ níbi híhó. Omi kò ní gbóná ju bó ṣe ń hó lọ, bó ti wù kó o fi iná sí i tó, tí ibi tó o wà bá sì ga ju òkun lọ, 98 tàbí 97 ni yóò ti hó, PID yóò sì máa wá 100 títí láé. Pa á tó bá ku díẹ̀ kó hó, kí o fún un ní ìdá kan pàtó. Jẹ́ kó bọ́ sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní 95°C, kí o dúró tì í, kí o máa ro ó. Fóòmù yẹn yóò gòkè, yóò fọ́, ìdì kékeré-kékeré yóò máa yí nínú rẹ̀ bí ẹyin tí a pò sínú omi. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé e lọ sí ìdá 75, kò ní ru mọ́. Kí o ṣí ìdérí sílẹ̀ fún wákàtí náà, òórùn tí kò dára gbọ́dọ̀ bá ooru jáde.

KóIrinJọ
Mo ti kọ ọ́ sí i. Ní 95, ó bọ́ sí ìdá 50, agogo kékeré tí mo yọ lára ẹ̀rọ ìfọṣọ á sì ké kí n lè wá dúró tì í. Títí n óò fi tẹ bọ́tìnnì, kò ní gòkè kọjá ibẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa tún un pọn.

OjúLalákàn
Agogo yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ẹ ya fọ́tò inú àpótí náà fún wa kí ẹ tó dé e, kí RéwáyàÀgbà bá yín wo ojú ibi tí ẹ ti so wáyà.